Níbo Lo Wà? Ìtàn Ìfojúbù Ibi Tí Ohun Tó Ń Rìn Wà, Láti Ẹnubodè Igolo dé Nẹ́tíwọọ̀kì Sẹ́ńsọ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí sọ ìtàn bí ọmọ ènìyàn ṣe kọ́ láti fojú bu ibi tí ohun tó ń rìn wà. Igolo, ìlú ẹnubodè ní àgbègbè Ifangni ní orílẹ̀-èdè Benin, ni a dúró sí láti wo ìtàn náà. Èrò wa ni pé ohun mẹ́ta ni irú ìfojúbù bẹ́ẹ̀ nílò: òpó tí a mọ ibi tó wà, òṣùwọ̀n tó so ohun tó ń rìn mọ́ òpó náà, àti ìrántí ibi tí ohun náà ti ń bọ̀. Ìmọ̀ ẹ̀rọ kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ ni gbólóhùn Yorùbá kan lórí fóònù lè gbé púpọ̀ nínú wọn lẹ́ẹ̀kan náà. A ó fi hàn pé èsì ìfojúbù kì í ṣe ojú kan ṣoṣo, agbègbè ni. Ẹni tó bá gbàgbé èyí lè ka ènìyàn tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mọ́ orílẹ̀-èdè tí kò sí.

1. Ìfáàrà

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ìpè fóònù kan. Obìnrin oníṣòwò kan wà ní Igolo, ó ń dúró de awakọ̀ tó ń gbé ẹrù rẹ̀ bọ̀ láti Òtà. Ó pe awakọ̀ náà. Lẹ́yìn ìkíni, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: "Níbo lo wà?" Ìdáhùn wá: "Màmá, mo ti kọjá Owódé, mi ò tíì dé Ìdí-Ìrókò. Ẹ ní sùúrù, mo ń bọ̀." Àwa la dá àpẹẹrẹ yìí sílẹ̀ fún àlàyé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ná ọjà ẹnubodè yìí yóò ti gbọ́ irú rẹ̀.

Ìbéèrè yìí kò ti pẹ́ lẹ́nu àwọn tó ń lo tẹlifóònù. Nígbà tí tẹlifóònù ṣì wà lórí tábìlì, tí wáyà so ó mọ́ ògiri, nọ́ńbà ilé ni nọ́ńbà ènìyàn. Ẹni tó pe nọ́ńbà náà ti mọ ibi tí agogo ti ń dún. Ohun tí kò mọ̀ ni ẹni tó gbé e. Nítorí náà, "Ta ló ń sọ̀rọ̀?" ni ìbéèrè ìgbà náà. Nígbà tí fóònù di ohun tí à ń mú rìn, ọ̀rọ̀ yí padà: ẹni tó pè ti mọ ẹni tí yóò gbé e, ibi tó wà ni kò mọ̀. Ní 2001, Eric Laurier kọ iṣẹ́ kan lórí ìdí tí àwọn ènìyàn fi máa ń sọ ibi tí wọ́n wà bí wọ́n bá ń lo fóònù alágbèéká. Nínú ọdún yẹn kan náà ni ètò GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní oṣù Ògún.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ náà ń bi ara wọn ní ìbéèrè obìnrin oníṣòwò yìí. Bí a bá fọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kéékèèké ká, tí wọ́n ń fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí àwọn kan nínú wọn sì ń rìn, báwo ni a ó ṣe mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà ní ìṣẹ́jú yìí? Nínú iṣẹ́ yìí, nọ́ọ̀dù ni a ó máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Òpó ni a ó máa pe ohunkóhun tí a ti mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ìbáà jẹ́ òpó ààlà, òpó fóònù tàbí nọ́ọ̀dù tí a ti sọ ipò rẹ̀ fún un. Ìfojúbù ni a ó máa pe iṣẹ́ wíwá ipò ohun tí a kò mọ̀ láti ara èyí tí a mọ̀.

2. Òpó tí kò kúrò lójú kan

Igolo dojú kọ Ìdí-Ìrókò, èyí tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Aala ni ó là wọ́n láàárín. Ká tó sọ̀rọ̀ ààlà, ẹ jẹ́ kí á wo orúkọ Ìdí-Ìrókò fúnra rẹ̀. Ìhun orúkọ náà kò ṣòro: ìdí àti ìrókò. Irú ìhun yìí pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, bí i Ìdí-Àràbà àti Ìdí-Ọ̀pẹ. Igi tó tóbi, tí gbogbo ènìyàn mọ̀, tí kì í ṣípò, ni wọ́n fi ń júwe ibi tó yí i ká. Lẹ́yìn náà ni ìjúwe di orúkọ. Kódà bí igi náà bá wó, orúkọ yóò dúró, àwọn ènìyàn yóò sì máa bá a lọ láti fi í wọn ọ̀nà. Òpó ni orúkọ ìlú nínú ọ̀rọ̀ wa, nítorí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń gbọ́ ti jọ mọ ibi tó wà.

Àwọn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tó pín ilẹ̀ yìí náà nílò òpó. Ní ọjọ́ 10 oṣù Ògún 1889, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn tó sọ ibi tí ààlà ìlú ọba Èkó àti ti Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, yóò gbà. Ohun tí àdéhùn náà dì mú kò pọ̀. Ó dárúkọ odò kékeré Adjarra, ó sì ní kí ààlà tẹ̀lé ìlà òòró orí máàpù tó gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ìhà àríwá títí dé ìlà ìbú 9. Ó tún sọ pé kí Ìpókíá, tí wọ́n kọ ní Pokrah, wà lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ká kíyè sí i: odò kan, ìlú kan, àti ìlà tí ojú kò rí. Àdéhùn ti ọjọ́ 14 oṣù Òkúdù 1898 àti ti ọjọ́ 19 oṣù Ọ̀wàrà 1906 tún un sọ ní kíkún.

Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ohun tí kò rìn ni wọ́n ń wọ̀n. Ààlà lè sọ apá ibi tí ilẹ̀ kan wà. Kò lè sọ ibi tí ẹni tó sùn sórí ilẹ̀ náà lánàá wà lónìí. Àwọn aláṣẹ Faransé rí èyí fúnra wọn. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba àwọn òyìnbó láti 1889 sí 1945, A. I. Asiwaju ṣàlàyé bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣí kúrò ní apá Faransé lọ sí apá Gẹ̀ẹ́sì láti fi ẹ̀hónú hàn. Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún owó orí tàbí fún iṣẹ́ ọmọ ogun lè ti wà lọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ lódìkejì kí wọ́n tó padà wá. Ìjọba ní òpó. Kò ní òṣùwọ̀n tó lè so ènìyàn tó ń rìn mọ́ òpó náà.

3. Láti ìgun mẹ́ta dé òrùka mẹ́ta

Òṣùwọ̀n ni ohun kejì. Àwọn tó ń ya máàpù ní Yúróòpù ti ní ọ̀kan tipẹ́. Ní 1533, Gemma Frisius ṣàlàyé pé bí a bá dúró sí ibi méjì tí a mọ̀, tí a sì wo ìhà tí ilé gíga kan wà láti ibi kọ̀ọ̀kan, ibi tí ìlà ìwòran méjèèjì ti pàdé ni ilé náà wà. Willebrord Snell lo ọgbọ́n náà láti wọn ilẹ̀ Netherlands, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1617. Ìgun mẹ́ta ni àwòrán rẹ̀: òpó méjì, àti ohun kẹta tí à ń wá.

Ọ̀nà kejì kò béèrè ìhà, ìjìnnà ló ń béèrè. Bí a bá sọ fún mi pé awakọ̀ kan wà ní kìlómítà 3 sí òpó kan, mi ò mọ ibi tó wà. Mo kàn mọ̀ pé ó wà níbì kan lórí òrùka tó yí òpó náà ká. Bí òpó kejì bá sọ ìjìnnà tirẹ̀, òrùka méjèèjì yóò pàdé ní ojú méjì. Òpó kẹta ni yóò sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi máa ń sọ pé òpó mẹ́ta ló kéré jù lórí ilẹ̀ títẹ́jú.

Rédíò ló mú kí ọ̀nà ìjìnnà rọrùn, òun náà ló sì mú kí ó ṣòro. Láàárín ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá, ìgbì rédíò ti rin nǹkan bí mítà 300. Bí aago bá ṣe àṣìṣe tó kéré tó bẹ́ẹ̀, a ti ṣi ọ̀nà ní mítà 300. Ní Igolo, mítà 300 tó láti mú ènìyàn kúrò ní orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn.

Ní oṣù Ọ̀wàrà 1957, Rọ́ṣíà ju Sputnik sójú ọ̀run. Ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, William Guier àti George Weiffenbach ń gbọ́ ìró rédíò rẹ̀. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ìró náà ń ga bí sátẹ́láìtì ṣe ń sún mọ́ wọn, ó sì ń lọ sílẹ̀ bó ṣe ń jìnnà, gẹ́gẹ́ bí fèrè ọkọ̀ tó sáré kọjá wa lójú títì. Láti ara ìyípadà yìí, wọ́n ṣírò ọ̀nà tí sátẹ́láìtì náà ń gbà. Frank McClure, tí wọ́n jọ wà níbẹ̀, yí ìbéèrè náà padà: bí a bá ti mọ ọ̀nà sátẹ́láìtì, a lè mọ ibi tí ẹni tó ń gbọ́ ọ wà. Láti inú èrò yìí ni ètò Transit ti jáde. Ó ti ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ọkọ̀ ojú omi ní 1964. GPS tẹ̀ lé e. Sátẹ́láìtì rẹ̀ àkọ́kọ́ gòkè ní 1978, ètò náà pé ní 1995, nígbà tó sì di oṣù Èbìbí 2000, ìjọba Amẹ́ríkà mú àṣìṣe tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i fún àwọn tí kì í ṣe ológun kúrò.

Ẹ̀kọ́ pàtàkì kan wà níbí. Sátẹ́láìtì kì í dúró, síbẹ̀ òpó ni. Kò di dandan kí òpó má rìn. Ohun tó di dandan ni kí a mọ ibi tó wà ní ìgbà tí à ń lò ó.

4. Ẹ̀rọ kéékèèké tó pọ̀

Bí GPS bá ti wà, kí ló tún kù? Ìbéèrè yìí dára, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú owó, bátìrì àti òrùlé. Ní àwọn ọdún ìparí ọ̀rúndún 20, Kris Pister àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Smart Dust. Èrò wọn ni pé kí a ṣe ẹ̀rọ tó kéré gan-an, tó lè mọ ooru, ìmọ́lẹ̀ tàbí ìmìtìtì, kí ó sì sọ ohun tó mọ̀ láìlo wáyà. Bí a bá fọ́n irú wọn tó ọgọ́rùn-ún sí oko tàbí sí etí odò, wọ́n di nẹ́tíwọọ̀kì sẹ́ńsọ̀ aláìlówáyà. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀dù kan bá sọ pé "ooru mú níbí", tí a kò mọ ibi tí "ibí" rẹ̀ wà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò wúlò. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè mọ ìṣòro yìí dáadáa: ọ̀rọ̀ bí "ibí" kò ní ìtumọ̀ tó pé títí a ó fi mọ ibi tí ẹni tó sọ ọ́ dúró sí. Bí a bá fi GPS sínú gbogbo wọn, owó yóò pọ̀, bátìrì yóò tètè kú, àwọn tó wà nínú ilé tàbí lábẹ́ ewé tó ṣú kò sì ní gbọ́ sátẹ́láìtì dáadáa.

Nítorí náà, àwọn olùwádìí fi ipò han nọ́ọ̀dù díẹ̀ péré, wọ́n sì ní kí àwọn yòókù máa fojú bù ú. Ọ̀nà kan ni ti Nirupama Bulusu, John Heidemann àti Deborah Estrin ní 2000. Nọ́ọ̀dù kan á dákẹ́, á tẹ́tí sí àwọn òpó tó yí i ká, á sì gbà pé àárín gbogbo òpó tí òun ń gbọ́ ni òun wà. Kò wọn ìjìnnà kankan. Gbígbọ́ tàbí àìgbọ́ nìkan ni. Ọ̀nà mìíràn ni ti Dragos Niculescu àti Badri Nath ti Yunifásítì Rutgers, tí wọ́n gbé jáde ní 2001. Nínú tiwọn, ọ̀rọ̀ òpó máa ń ti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀dù kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn, wọ́n á sì máa ka iye ẹni tó gbé e kọjá. Nọ́ọ̀dù tó wà lókèèrè á wá sọ pé: ọ̀rọ̀ yìí gba ọwọ́ ẹni mẹ́rin kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, bí ìgbésẹ̀ kan bá tó mítà báyìí, mo ti mọ bí mo ṣe jìnnà tó.

Ọ̀nà kẹta ni kí a wo bí ìgbì rédíò ṣe lágbára tó. Ìgbì tó ti ọ̀nà jíjìn wá máa ń rẹ̀. Ní 2000, Paramvir Bahl àti Venkata Padmanabhan ti ilé-iṣẹ́ Microsoft fi èyí wá ẹni tó ń rìn káàkiri nínú ilé. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kì í ṣe ìjìnnà nìkan ló ń mú kí ìgbì rẹ̀. Ògiri, òjò, ewé, ara ènìyàn tó dúró sáàárín, gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ńlá lè rò pé òun jìnnà, tó sì jẹ́ pé ó wà nítòsí.

5. Nígbà tí nọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í rìn

Gbogbo ọ̀nà tí a kà wọ̀nyí ní àbùkù kan náà: wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti òfo ní gbogbo ìgbà. Bí nọ́ọ̀dù bá ṣípò, ìfojúbù àná ti di ọ̀rọ̀ àná, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ohun kẹta, ìyẹn ìrántí, ló tún èyí ṣe.

Ní 1960, Rudolf Kalman tẹ iṣẹ́ kan jáde tó sọ ìrántí di ìṣirò. Ìgbésẹ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀. Èkínní, láti ara ibi tí ohun náà wà tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe ń rìn, a ó sọ ibi tó yẹ kó wà báyìí. Èkejì, bí òṣùwọ̀n tuntun bá dé, a ó fi ṣàtúnṣe ohun tí a sọ. Bí òṣùwọ̀n bá dájú ju àsọtẹ́lẹ̀ lọ, òun la ó gbà gbọ́ jù. Bí àsọtẹ́lẹ̀ bá dájú jù, òun ni. Wọ́n lo ọgbọ́n yìí láti darí ọkọ̀ Apollo lọ sínú òṣùpá.

Ní Áfíríkà náà, a rí àpẹẹrẹ kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Princeton ṣe ètò ZebraNet, wọ́n sì gbé e lọ sí Mpala ní Kẹ́ńyà. Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ní GPS kọ́ ọrùn àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà nínú igbó. Bí ẹranko méjì bá pàdé, ẹ̀rọ wọn á fún ara wọn ní ìtàn ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti dé, kí olùwádìí tó bá rí ọ̀kan lè gbọ́ nípa ọ̀pọ̀. Kò sí òpó fóònù níbẹ̀. Ìrìn àwọn ẹranko fúnra wọn ló ń gbé ọ̀rọ̀ káàkiri.

Ní 2004 ni Lingxuan Hu àti David Evans ti Yunifásítì Virginia gbé ọ̀nà kan jáde fún nẹ́tíwọọ̀kì sẹ́ńsọ̀ tí nọ́ọ̀dù rẹ̀ ń rìn. Ó rọrùn láti ṣàlàyé. Nọ́ọ̀dù kan fọ́n ọ̀pọ̀ àbá sórí máàpù: "Bóyá ibí ni mo wà, bóyá ọ̀hún." Ní ìgbà tó kàn, ó sún àbá kọ̀ọ̀kan díẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ó ju bí òun ṣe lè sáré tó lọ. Lẹ́yìn náà, ó tẹ́tí. Bí ó bá gbọ́ òpó kan, ó nu gbogbo àbá tó jìnnà sí òpó náà jù nù. Bí aládùúgbò rẹ̀ bá gbọ́ òpó kan tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́, ó mọ̀ pé òun kò sí nítòsí òpó náà, òun kò sì jìnnà sí i jù. Àbá tó kù ló di agbègbè tó ṣeé ṣe kó wà.

Ohun tí wọ́n rí ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Wọ́n ti ń rò pé ìrìn ni yóò ba ìfojúbù jẹ́. Hu àti Evans fi hàn pé ìrìn lè ràn án lọ́wọ́, níwọ̀n ìgbà tí kò bá pọ̀ jù, nítorí pé nọ́ọ̀dù tó ń rìn máa ń pàdé òpó tuntun. Èyí tó dúró sójú kan tí kò gbọ́ òpó kankan yóò wà nínú òkùnkùn títí.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ awakọ̀ wa. "Mo ti kọjá Owódé": òpó kan ti wà lẹ́yìn, atọ́ka "ti" sì sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. "Mi ò tíì dé Ìdí-Ìrókò": òpó kejì wà níwájú, "tíì" sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n à ń retí rẹ̀. Àìgbọ́ òpó lásán lè ní ìtumọ̀ púpọ̀. "Kò tíì" fún un ní ìhà kan ṣoṣo. "Mo ń bọ̀" parí iṣẹ́ náà. "Ń lọ" ì bá ti sọ ìrìn nìkan, ṣùgbọ́n "bọ̀" kọjú sí ẹni tó ń gbọ́. Obìnrin náà wá mọ agbègbè kan láàárín òpó méjì, ó mọ ìhà tí ohun náà kọjú sí, ó sì mọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó lójú ọ̀nà yẹn. Bí ó bá tún pè lẹ́yìn wákàtí kan, kò ní bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Nọ́ọ̀dù ti Hu àti Evans kò mọ ìhà tó kọjú sí. Bó ṣe lè sáré tó nìkan ló mọ̀. Gbólóhùn awakọ̀ sọ ju ti nọ́ọ̀dù lọ.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé awakọ̀ náà kò sọ ojú kan. Ó sọ àárín ibi méjì. Ìfojúbù rẹ̀ jẹ́ òótọ́ nítorí pé ó fi bí ó ṣe fẹ̀ tó hàn.

6. Fóònù ní ẹnubodè

Fóònù ọwọ́ obìnrin yìí náà jẹ́ nọ́ọ̀dù tó ń rìn. Báwo ni ilé-iṣẹ́ fóònù ṣe ń mọ ibi tó wà? Nínú ètò GSM, òpó gbọ́dọ̀ mọ bí fóònù ṣe jìnnà tó kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dé lásìkò. Ìgbésẹ̀ tó fi ń wọ̀n ọ́n jẹ́ nǹkan bí mítà 550, ó sì lè ka ìgbésẹ̀ náà títí dé nǹkan bí kìlómítà 35. Òpó sábà máa ń ní ojú mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bojú tó ìdá kan nínú mẹ́ta àyíká rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí òpó kan ṣoṣo lè sọ ni apá kan òrùka. Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò wò ó. Bí fóònù bá wà ní kìlómítà 2 sí òpó, apá òrùka náà yóò nípọn tó mítà 550, gígùn rẹ̀ yóò sì ju kìlómítà 4 lọ. Bí òpó náà bá wà nítòsí ẹnubodè, irú agbègbè bẹ́ẹ̀ lè gba ọjà, ilé àti ibùdó aṣọ́bodè orílẹ̀-èdè méjèèjì mọ́ra.

Fóònù tún ní ọ̀nà mìíràn tó fi ń mọ orílẹ̀-èdè, èyí sì rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo òpó máa ń kéde nọ́ńbà orílẹ̀-èdè rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́: 616 ni ti Benin, 621 ni ti Nàìjíríà. Fóònù tó bá bọ́ sọ́wọ́ òpó 621 gbà pé Nàìjíríà ni òun wà. Kò wo ilẹ̀. Ohùn tó dá a lóhùn ló wò. Ìgbì rédíò kì í dúró níwájú aṣọ́bodè kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lu ìwé rẹ̀. Ẹni tó jókòó sí Igolo lè gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé "ẹ káàbọ̀ sí Nàìjíríà" láìdìde lórí àga, owó ìpè rẹ̀ sì lè di ti ẹni tó rìnrìn àjò.

A kò gbọ́dọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ owó ìpè nìkan ni. Ní oṣù Ògún 2019, ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa. Ní oṣù Bélú ọdún náà, àṣẹ jáde pé kí wọ́n má ṣe já epo sí ilé epo kankan tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ààlà. Wọn kò ní láti mọ ibi tí garawa epo kọ̀ọ̀kan ń lọ. Wọ́n ya agbègbè kan sórí máàpù, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sì di ohun ìfura. Ìlú bí Ìdí-Ìrókò wà nínú rẹ̀ pátápátá, àtẹni tó ń gbé epo kọjá àtẹni tó kàn fẹ́ rọ epo sí ọkọ̀ rẹ̀. Oṣù Igbe 2022 ni wọ́n tó ṣí ẹnubodè Ìdí-Ìrókò padà. Bí ìfojúbù bá fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ni yóò san owó fífẹ̀ rẹ̀.

7. Ohun tó kan onímọ̀ ẹ̀dá-èdè

Ẹ̀ka-ìmọ̀ tiwa náà ti ń ṣe ìfojúbù tipẹ́. Nígbà tí Chambers àti Trudgill kọ ìwé wọn lórí ẹ̀ka-èdè ní 1980, wọ́n fi orúkọ NORM pe irú abẹ́nà-ìmọ̀ tí àwọn tó ń ya máàpù ẹ̀ka-èdè máa ń wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àgbàlagbà ọkùnrin, ará oko, tí kì í kúrò nílé. Ẹ wò ó dáadáa: òpó ni wọ́n ń wá. Wọ́n fẹ́ ẹni tí kì í rìn kí ohùn rẹ̀ lè dúró fún ibi kan. Ṣùgbọ́n ta ni kì í rìn ní Igolo? Obìnrin tó ń tajà lódìkejì ààlà, awakọ̀, ọmọ ilé-ìwé tó ń kọ́ Faransé láàárọ̀ tó sì ń gbọ́ rédíò Nàìjíríà nírọ̀lẹ́: bí a bá yọ gbogbo wọn kúrò nítorí pé wọ́n ń rìn, a ó ya máàpù ìlú tí kò sí ẹnìkan nínú rẹ̀.

Ààlà náà ti ṣe tirẹ̀ nínú ìtàn ẹ̀kọ́ wa. Iṣẹ́ Abiodun Adetugbo ti 1967, tí ọ̀pọ̀ wa fi kọ́ nípa ìpínsísọ̀rí ẹ̀ka-èdè Yorùbá, sọ nínú àkọlé rẹ̀ pé ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ni òun ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀; olùwádìí gbọ́dọ̀ fi ààlà sí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbàgbé àkọlé náà lè rò pé ibi tí máàpù parí sí ni èdè parí sí, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí wọ́n ń pè ní Nàgó ní Benin ń bá a lọ láti ibẹ̀.

Lónìí, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ìfojúbù fún wa. Olùwádìí lè kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àtẹ̀jíṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì jọ, kí ó pín wọn sí orílẹ̀-èdè nípa ibi tí ẹ̀rọ sọ pé wọ́n ti wá, kí ó sì kéde pé báyìí ni Yorùbá Nàìjíríà ṣe ń kọ̀wé, báyìí ni ti Benin. Ní àárín ilẹ̀, àṣìṣe rẹ̀ kò ní pọ̀. Ní Igolo, ọ̀rọ̀ tí ọmọ Benin kọ lè di ti Nàìjíríà nítorí òpó tó dá fóònù rẹ̀ lóhùn. Irú ìfojúbù kan náà ni àwọn ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì fi ń yan èdè fún òǹkàwé: bí ó bá rò pé Benin ni, á gbé Faransé síwájú, bí ó bá rò pé Nàìjíríà ni, á gbé Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fojú bu ibi tí ènìyàn wà, wọ́n sì fi ìyẹn fojú bu èdè rẹ̀. Yorùbá kò sí nínú èsì méjèèjì.

Ohun tí a ń dá lábàá kò le. Bí a bá ń kọ ibi tí ohùn tàbí ọ̀rọ̀ kan ti wá sílẹ̀, kí á kọ ohun mẹ́ta. Èkínní, òpó wo ni a lò: ṣé ẹnu abẹ́nà-ìmọ̀ ni, ṣé GPS, ṣé òpó fóònù? Èkejì, báwo ni agbègbè náà ṣe fẹ̀ tó? Mítà 10 kì í ṣe ẹgbẹ́ kìlómítà 4. Ẹ̀kẹta, ibo ni ẹni náà ti ń bọ̀, ibo ló sì ń lọ? Abẹ́nà-ìmọ̀ tó sọ pé "Pobè ni wọ́n bí mi, Igolo ni mo ti ń tajà, Òtà ni ọkọ mi wà" ti fún wa ní òpó mẹ́ta. Kò dára kí á nu méjì nù nítorí pé àyè ẹyọ kan ló wà nínú fọ́ọ̀mù wa.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn tí a sọ gba ọ̀nà jíjìn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi kan tó di orúkọ ìlú, ó kọjá lórí ìlà tí àwọn òyìnbó fà ní 1889, ó gòkè lọ sọ́dọ̀ sátẹ́láìtì, ó sì sọ̀kalẹ̀ sínú ẹ̀rọ kéékèèké tí ń bi ara wọn léèrè ibi tí wọ́n wà. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ohun tó jẹ́ tuntun ni òpó tó dára sí i, òṣùwọ̀n tó péye sí i, tàbí ìrántí tó gùn sí i. Kò sí ìpele kankan tí àṣìṣe ti tán. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà dáadáa ni àwọn tó jẹ́wọ́ bí àṣìṣe wọn ṣe tó, tí wọ́n sì ṣírò rẹ̀ mọ́ èsì.

Awakọ̀ wa ṣe bẹ́ẹ̀ láìlọ sí yunifásítì. Kò sọ pé "mo wà ní ojú báyìí gan-an". Ó dárúkọ òpó méjì tí òun àti màmá náà jọ mọ̀, ó gbé ara rẹ̀ sáàárín wọn, ó sì ní kí wọ́n ní sùúrù. Bí àwa náà bá fẹ́ sọ ibi tí ẹni tó ń rìn wà, tàbí ibi tí èdè tó ń bá a rìn wà, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí á máa sọ ọ́.